Ẹ Fi Ọ̀pá Kan Wọn Ayé: Ìtọ́sọ́nà Jọ́gíráfì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọ́rin àti Agbègbè Rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní JSS 2. Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Adéwọlé, ó ń há ìwé sórí bí ẹni ń kọ wákà: "Ìlọ́rin wà ní dígírì mẹ́jọ ààbọ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé. Ìlọ́rin wà ní dígírì mẹ́jọ ààbọ̀..." Mo bi í pé kí ni dígírì mẹ́jọ ààbọ̀ ọ̀hún, ibo la ti ń kà á bọ̀? Ó wò mí, ó wo ìwé, ó dákẹ́.

Èmi náà há a bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, ọjọ́ tí a ṣe ìdánwò tán ni mo sì gbàgbé rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní, torí ohun tí ìwé jọ́gíráfì ń sọ kò jìnnà sí wa rárá. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, òkúta tí à ń fi ẹsẹ̀ kọ, odò tí à ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, òun náà ni. Iṣẹ́ tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, mo ti bá àwọn ọmọ ilé wa ṣe é. Ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Ẹ wá ọ̀pá tó tọ́ gbọọrọ tó gùn ní mítà kan géérégé, agolo kan àti yanrìn tí yóò kún un, tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, okùn, ṣọ́ọ̀kì, protractor, ìgò ike kan tó mọ́ gaara, àti ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Ẹ má fi ìwé yẹn ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ àti aago ni kẹ́ ẹ máa kọ ṣáájú ohunkóhun tí ẹ bá wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ọ̀sán gangan

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí igi tàbí òrùlé kò ṣíji bò. Sìmẹ́ńtì iwájú ilé ló dára jù. Ẹ ri ọ̀pá sínú agolo kí ìdí rẹ̀ kan ìsàlẹ̀, kí ẹ wá rọ yanrìn yí i ká títí yóò fi dúró ṣinṣin.

Ibí ni a ti ṣì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pá wa fì díẹ̀, ojú kò sì tètè rí i. Òjìji tó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 di 19, gbogbo ìṣirò tó tẹ̀lé e sì dàrú. Nítorí náà, ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, kí ẹ mú un dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá bí bíríkìlà ti ń ṣe tó bá ń mọ ògiri. Ẹ wò ó láti iwájú, ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tí ọ̀pá àti okùn bá jọ tọ́ ní ìhà méjèèjì, ó ti tó.

Láti aago 12:10, ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ṣóńṣó òjìji ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí di aago 1:15. Ẹ ó rí i tí òjìji ń kúrú, tí ó ń kúrú, yóò dà bí ẹni pé ó dúró, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìgbà tí ó kúrú jù lọ ni ọ̀sán gangan. Ìlà tí òjìji náà sì sùn lé lórí ilẹ̀ dojú kọ àríwá àti gúúsù ní tààrà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yẹn dáadáa, kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a nù.

Ẹ wá wo aago. Kò sí ọjọ́ kan láàárín ọdún tí oòrùn ń kanrí ní aago 12 ní Ìlọ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nǹkan bí aago 12:25 ni. Ní àárín oṣù Kejì, ó ń tó 12:56. Tí ẹ bá ṣe ìpíndọ́gba gbogbo ọdún, nǹkan bí 12:42 ni. Ìdí rẹ̀ ni pé aago tí à ń lò ní Nàìjíríà kì í ṣe ti Ìlọ́rin. Ìlà òró (longitude) dígírì 15 ni wọ́n gbé e lé, ìlà yẹn kò sì gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Kamẹrúùnù àti Ṣáàdì ló gbà. Ayé ń yí dígírì 360 ní wákàtí 24. Ẹ pín in: dígírì 15 ní wákàtí kan, dígírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìlọ́rin wà ní nǹkan bí dígírì mẹ́rin ààbọ̀ sí ìlà-oòrùn Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà òró, ìyẹn ni pé dígírì mẹ́wàá ààbọ̀ ló wà láàárín wa àti ìlà 15. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú, ẹ ó bá 42. Ibẹ̀ ni 12:42 ti wá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín ọdún jẹ́ nítorí pé ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ yí oòrùn ká kò rí roboto pátápátá, tí ayé fúnra rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ pè é ní jọ́gíráfì. Àílà kì í wọlé àfi tí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò ní àárín sánmọ̀. Alásárì ń wọlé nígbà tí òjìji ọ̀pá bá gùn tó ọ̀pá fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ òjìji ọ̀sán gangan kúrò. Ẹ fi ọ̀pá yín wò ó lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì wo ìgbà tí ẹ ó gbọ́ ìpè láti mọ́sáláṣí àdúgbò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá dígírì mẹ́jọ ààbọ̀

Ẹ lè ṣe ìgbésẹ̀ kìíní lọ́jọ́ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ló rọrùn jù fún èyí: nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, orí agbedeméjì ayé gan-an ni oòrùn ti ń kanrí. Ní Ìlọ́rin, òjìji ọ̀sán gangan ọ̀pá mítà kan yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15.

Ẹ yà á sórí ìwé. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan ṣojú fún mẹ́wàá: ọ̀pá yóò jẹ́ ìlà òró sẹ̀ǹtímítà 10, òjìji yóò jẹ́ ìlà ìbú sẹ̀ǹtímítà 1.5 láti ìdí rẹ̀. Ẹ fa ìlà láti orí ọ̀pá dé ṣóńṣó òjìji. Ẹ wá gbé protractor lé igun tó wà lókè, níbi tí ìlà náà ti pàdé orí ọ̀pá. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó fò dìde: "Àǹtí, òun nìyí! Òun ló wà nínú ìwé!" Dígírì mẹ́jọ ààbọ̀ ni. Bí oòrùn ṣe yẹ̀ kúrò lórí wa lọ́jọ́ yẹn ni bí àwa náà ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé. Dígírì kan lórí ilẹ̀ ń lọ bíi kìlómítà 111, nítorí náà, láti Ìlọ́rin dé agbedeméjì ayé, nǹkan bí kìlómítà 943 ni, tí ẹ bá lè rìn lọ tààrà sí gúúsù.

Tí ẹ bá ní ẹbí ní Kánò, àwọn ará Ọ̀fà àti Ìgbómìnà sì pọ̀ níbẹ̀ látijọ́, ẹ pè é lórí fóònù kó ri ọ̀pá tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sán gangan tiwọn yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ṣáájú tiwa, nítorí wọ́n fi dígírì mẹ́rin sún mọ́ ìlà-oòrùn jù wá lọ. Òjìji tirẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21, igun rẹ̀ yóò jẹ́ dígírì 12. Ìyàtọ̀ tiwa àti tirẹ̀ jẹ́ 3.5. Ẹ wá mú máàpù, kí ẹ wọn bí Kánò ṣe ga jù wá lọ sí àríwá nìkan. Ẹ má ka ti ọ̀nà mọ́tò, torí ó ń yà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ó bá nǹkan bí kìlómítà 389. Tí dígírì 3.5 bá jẹ́ kìlómítà 389, mélòó ni 360? Ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ ó bá nǹkan bí kìlómítà 40,000, ìyẹn sì ni gbogbo àyíká ayé.

Ọgbọ́n yìí ni Eratosthenes lò ní Íjíbítì, ó ti lé ní 2,200 ọdún. Ó gbọ́ pé lọ́jọ́ kan láàárín ọdún, oòrùn ń tàn dé ìsàlẹ̀ kànga ní Syene, ìlú tí à ń pè ní Áswàn lónìí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà ọ̀pá ní òjìji ní Alẹkisáńdíríà tó wà níhà àríwá. Igun tó wọ̀n jẹ́ ìdá kan nínú 50 àyíká. Kò ní fóònù, kò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí.

Ẹ má tú ọ̀pá yín lẹ́yìn ọjọ́ náà o. Ẹ máa wọn òjìji ọ̀sán gangan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 62, yóò sì kọjú sí àríwá. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa kúrú bọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, yóò wọlé sábẹ́ ọ̀pá pátápátá. Lẹ́yìn náà, yóò yọ sí òdìkejì: ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, òjìji ọ̀sán yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27, gúúsù ni yóò sì kọjú sí. Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí irú èyí láéláé. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, àríwá nìkan ni òjìji ọ̀sán ń kọjú sí. Ohun tó fà á ni pé ayé fì ní dígírì 23.4 bó ti ń yí oòrùn ká, oòrùn sì ń tipa bẹ́ẹ̀ gòkè wá sọ́dọ̀ wa, ó ń kọjá orí wa, ó tún ń padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bi òkúta léèrè

Wọ́n ní ara òkúta ni orúkọ Ìlọ́rin ti wá: ìló irin, òkúta tí àwọn ọdẹ àtijọ́ ń pọ́n irin wọn lára rẹ̀. Agbo ilé kan ní Ìdí-Àpẹ ló wà. A ti gbọ́ ìtàn yẹn títí, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ jọ́gíráfì gbọ́dọ̀ béèrè ohun kan sí i: kí ni òkúta ní lára tó fi lè jẹ irin?

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ tọrọ ẹyọ gíráníìtì kan tó tóbi bí ẹyin. Ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú nínú oòrùn. Òkúta yẹn kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ ó rí ẹyọ tó dà bí àfọ́kù ìgò tí eruku bò, tí kò ní àwọ̀ gidi kan: quartz nìyẹn. Ẹ ó rí òmíràn tó funfun tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó máa ń kọ mànà tí ẹ bá yí òkúta náà díẹ̀: feldspar. Ìkẹta dúdú tàbí ó dà bí fàdákà, ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, ẹ sì lè fi orí èékánná ṣí i léepo: mica.

Ẹ jẹ́ kí àgbà kan wà níbẹ̀, kó fi ọ̀bẹ tó ti kú ha quartz náà. Ọ̀bẹ kò ní ràn án. Ìlà dúdú tí ẹ ó rí, irin ara ọ̀bẹ ló dà sílẹ̀ sára òkúta. Friedrich Mohs, ará Jámánì, ló to líle àwọn nǹkan inú òkúta láti 1 dé 10 ní 1812. Èékánná wa wà ní nǹkan bí 2.5, ọ̀bẹ wà ní nǹkan bí 5.5, quartz wà ní 7, dáyámọ́ńdì wà ní 10. Ohun tó le jù ló ń ha ohun tó rọ̀. Òkúta tí quartz bá kún inú rẹ̀ lè pọ́n àdá, ó lè pọ́n ọfà, ó lè pọ́n ọkọ́.

Ẹ wá gba ọ̀nà gúúsù lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 800, ilé musíọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní 1945 sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ère náà jókòó, wọ́n di irun, wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ojú abẹ sì hàn lójú àwọn mìíràn. Báwo ni ẹni tó gbẹ́ wọn ṣe rí irú iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ́ sára òkúta? Òkúta Ẹ̀sìẹ́ kún fún talc, ohun kan náà tí wọ́n ń lọ̀ sínú páúdà ọmọdé. Lórí ìwọ̀n Mohs, talc wà ní 1. Kò sí ohun tó rọ̀ tó o. Ẹ má lọ fi èékánná dán an wò lára ère, ẹ jọ̀wọ́. Ojú nìkan ni kí ẹ fi wò wọ́n.

Mo fẹ́ràn kí n máa sọ èyí fún àwọn ọmọ: nínú ìpínlẹ̀ kan náà, òkúta kan wà tó ń jẹ irin, òkúta mìíràn sì wà tí irin ń jẹ, mọ́tò kò sì ní rin wákàtí méjì láàárín wọn. Ohun tó yà wọ́n ni ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà wá sáyé. Gíráníìtì jẹ́ òkúta yíyọ́ tó tutù díẹ̀díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó tutù ni ẹyọ inú rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Ìwé yín ń pe irú rẹ̀ ní igneous. Ti Ẹ̀sìẹ́ jẹ́ òkúta àtijọ́ tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ pa láwọ̀ dà láìyọ́ ọ: metamorphic. Mábù tí wọ́n ń wà ní Ọ̀rẹ̀kẹ́ náà wà nínú ẹbí yẹn. Irú kẹta, sedimentary, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń dáná rẹ̀ tí a bá dé etí odò.

Àwọn òkúta abẹ́ Ìlọ́rin àti gúúsù Kwara ti dàgbà ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Òjò, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ohun tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi yọrí. Bẹ́ẹ̀ ni Òkè Ṣobì ṣe dá dúró lójú ọ̀dàn: ohun tó yí i ká ti jẹrà lọ, òun kù. Yangí pupa tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà náà wá láti ara òkúta tó jẹrà. Òjò ti fọ àwọn nǹkan mìíràn lọ, irin ló kù, irin náà sì dípẹtà. Ìpẹtà ni pupa yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya inú ayé sórí sìmẹ́ńtì

Ẹ gé okùn sẹ̀ǹtímítà 64. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ kan mọ́ ilẹ̀, kí ẹlòmíràn so ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí kejì, kó fa òbírípo. Sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà 100. Ẹ tún fa òbírípo mìíràn láti àárín kan náà pẹ̀lú okùn sẹ̀ǹtímítà 35, àti ẹ̀kẹta pẹ̀lú 12.

Èyí tó kéré jù ni kókó ayé, irin líle tó gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú oòrùn, tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kò jẹ́ kó yọ́. Inge Lehmann, obìnrin ará Dẹ́máàkì, ló fi ìmìtìtì ilẹ̀ mọ̀ ọ́n ní 1936. Láti 12 dé 35, irin yíyọ́ ni. Láti 35 títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí, òkúta gbígbóná tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni, mantle ni ìwé ń pè é. Èèpo ayé tí à ń gbé lórí rẹ̀ ńkọ́? Kìlómítà 30 sí 50 ló nípọn lábẹ́ ilẹ̀ bíi tiwa. Lórí àwòrán yín, kò ju ìlà ṣọ́ọ̀kì lọ. Òkè Everest, pẹ̀lú mítà 8,849 rẹ̀, kò tó mìlímítà kan níbẹ̀. Ihò tó jìn jù tí ènìyàn tíì gbẹ́, ní Kola ní Rọ́ṣíà, jẹ́ mítà 12,262, kò sì la èèpo náà já.

Àwọn ọmọ sábà máa ń dákẹ́ níbí yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bu omi Àsà

Ẹ fi ìlà àríwá tí ẹ fà sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní mọ ọ̀nà, kí ẹ lọ sórí afárá Odò Àsà pẹ̀lú àgbà kan. Ẹ wo ibi tí omi ń lọ. Láti gúúsù ló ti ń bọ̀, àríwá ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé gbogbo odò Nàìjíríà ló ń ṣàn sí ìsàlẹ̀ máàpù. Omi kò mọ máàpù, ibi tó rẹlẹ̀ ló mọ̀. Àsà ń lọ bá Odò Awun, Awun ń lọ bá Odò Ọya, Ọya ló wá ń gbé gbogbo wọn lọ sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ọya fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú ká má tẹ̀lé máàpù: láti orí òkè ní Gínì ló ti ṣẹ̀, ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 240 lọ sí òkun, síbẹ̀ ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó gba Màlì lọ dé etí aṣálẹ̀, kó tó ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ wa. Kìlómítà 4,180 ló rìn.

Lásìkò òjò, kí àgbà náà fi korobá olókùn fa omi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò gbọdọ̀ wọ odò. Ẹ bù ú sínú ìgò ike kó dé ìdajì, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ yanrìn àti ilẹ̀ pupa sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òkúta wẹ́wẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, yanrìn tẹ̀lé e, ẹrẹ̀ tó kúnná ló ń gbẹ̀yìn. Bí omi ṣe ń to ilẹ̀ nìyẹn, ìpele lórí ìpele, nínú gbogbo adágún àti òkun. Tí ó bá pẹ́ tí ìpele tuntun ń tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, yóò le di òkúta. Irú òkúta tó wà lápá Pàtígi, ní àfonífojì Ọya, nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òjò àti ọyẹ́

Ẹ gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán síta, kúrò lábẹ́ òrùlé. Lẹ́yìn òjò, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní mìlímítà. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òjò ọdún kan ní Ìlọ́rin máa ń tó nǹkan bí mìlímítà 1,200. Lórí òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, lítà 60,000 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 2,400. Ẹ̀yin tí ẹ ti to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi rí mọ ohun tí iye yẹn jẹ́.

Ẹ wá gbé ìwé òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé òjìji. Òjò ń tẹ̀lé oòrùn, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bí oòrùn bá ti ń gòkè bọ̀ sórí wa, afẹ́fẹ́ tútù láti orí Àtìláńtíìkì ń tẹ̀lé e wọlé láti gúúsù. Bó bá sì ti padà lọ, tí òjìji ọ̀sán ń gùn sí àríwá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ aṣálẹ̀ Sàhárà ń gba ipò: ọyẹ́ dé, ètè là. Púpọ̀ nínú eruku tí ẹ ń nù lórí tábìlì lóṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní wá láti Bodélé ní Ṣáàdì, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ayébáyé.

Iṣẹ́ kan ló kù, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọjọ́ méjì ló wà lọ́dún tí oòrùn ń kan àtàrí wa gan-an: nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Ìkùukùu máa ń bo ti oṣù Kẹjọ, nítorí náà ti oṣù Kẹrin ni kí ẹ gbára lé. Tí sánmọ̀ bá sì ṣú, ọ̀la tàbí ọ̀tunla ṣì dára, òjìji ọ̀pá kò ní ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Kó tó di aago 12:42, ẹ gbé ọ̀pá síta, kí ẹ dúró tì í, ẹsẹ̀ pọ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹ wá òjìji ara yín.